Àgbọ̀nrín, Ẹran Tí Ọdẹ Kì í Dá Jẹ

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àlọ́. Apá kan nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Apá kejì jẹ́ ohun tí àwọn baba ńlá wa fi lé wa lọ́wọ́, tí ilẹ̀ àti odò ṣì ń jẹ́rìí sí títí di òní. Ọdẹ ni mí. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí mi, níbi tí ọ̀dàn ti pàdé igbó, tí àpáta dìde dúró gbọn-in, tí odò sì ń gba àárín wọn kọjá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí pé kí ni mò ń wá nínú igbó nígbà tí ẹran wà lọ́jà. Wọ́n á ní ìjàkùmọ̀ kì í rìn ní ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í rìn ní òru. Èmi tí a bí ire, kí ni mò ń fi òru wá? Àgbọ̀nrín ni mò ń wá. Òun ló kọ́ mi pé ohun tí ọkùnrin fi ìyà àti ewu wá kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ẹ̀kọ́ yìí ló sì sọ mí di ènìyàn láàárín àwọn ènìyàn. Bó ṣe kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tó sọ ìjà, ẹ jẹ́ kí n ki ẹran náà, nítorí ọdẹ tí kò lè ki ẹran kò tíì mọ ohun tó ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni ìjálá ṣe rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ọdẹ a máa ki erin, a máa ki ẹfọ̀n, a máa ki àgbọ̀nrín, a máa yin ẹran tí òun fúnra rẹ̀ ń lépa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó irú ìjálá bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé tó jáde ní 1966, ó sì fi han gbogbo ayé pé ọdẹ Yorùbá kì í ka ẹran igbó sí ọ̀tá.

Àgbọ̀nrín! Ẹlẹ́wà tí ń dá rìn! Awọ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, Ẹlẹ́dàá sì to àmì funfun wínníwínní sí itan rẹ̀, ó fa ìlà funfun láti ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ìhà. Ìwo méjì ló wà lórí akọ, wọ́n lọ́ ní ìlọ́ kan, wọ́n sì mú ṣóńṣó lórí. Abo kò ní ìwo rárá. Àgbọ̀nrín ilẹ̀ òyìnbó a máa bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, a sì tún hu òmíràn. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìwo tó bá hù lórí rẹ̀ ló ń gbé títí dé ọjọ́ ikú. Akọ tó dàgbà lè wúwo ju 40 kílò lọ, síbẹ̀ yóò gba abẹ́ ìtàkùn kọjá, ewé kan kò ní mì. Ó mọ omi wẹ̀. Nígbà tí ọ̀bọ bá ń jẹ èso lókè igi, àgbọ̀nrín ọlọ́gbọ́n a dúró sísàlẹ̀, a máa ṣa èyí tó bá já bọ́. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò gbó wáhù bí ajá, yóò gbé ìrù sókè, funfun abẹ́ ìrù rẹ̀ yóò yọ lẹ́ẹ̀kan nínú òkùnkùn, kí o sì tó mí, ó ti lọ.

Ṣùgbọ́n abo rẹ̀ ló ń yà mí lẹ́nu jù. Oṣù mẹ́fà ló fi ń gbé oyún, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Bó bá bímọ tán, yóò fi í pamọ́ sínú igbó dídí, yóò lọ jẹko, yóò sì padà wá fún un lọ́mú. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ìyá yìí ń ṣe kí ẹkùn má baà gbóòórùn ọmọ rẹ̀? Ìgbẹ́ ọmọ ló ń jẹ! Gbogbo ohun tí ọmọ bá yà sílẹ̀ ni ìyá ń gbé mì, kí òórùn má baà tú àṣírí ibùba. Ọba tó dá ìyá, ìwọ nìkan ni a ń forí balẹ̀ fún!

Àwọn àgbà wa rí gbogbo èyí, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú àgbọ̀nrín ju ẹran lọ. Ìdí rèé tí ìtàn fi kún ilẹ̀ Yorùbá nípa ọdẹ tó ba sí ibùba, tó rí i tí ẹran bọ́ awọ rẹ̀ tó di arẹwà obìnrin, tó wọ ọjà lọ ná. Àwọn kan sọ ọ́ nípa ẹfọ̀n, wọ́n ní Ọya ni. Àwọn mìíràn sọ ọ́ nípa àgbọ̀nrín. Nínú gbogbo wọn, ọdẹ tó bá kó awọ náà pamọ́, tó sì fi obìnrin náà ṣaya, ń wọ inú májẹ̀mú ni, ọjọ́ tí májẹ̀mú bá sì bàjẹ́ ni aya àti ayọ̀ ń padà sínú igbó.

Bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi, ló mú mi wọ igbó. Ògbólógbòó ọdẹ ni. Kò fún mi ní ìbọn. Àpò ọdẹ rẹ̀ ni mò ń gbé tẹ̀lé e, tí mò ń kọ́ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ lé ewé gbígbẹ kó má dún. Bí mo bá bèèrè ìbọn, yóò ní: "Ọmọ mi, etí rẹ ni kó kọ́kọ́ di ìbọn." Ó kọ́ mi láti bu eérú, kí n jẹ́ kó fò lọ láti ìka mi, kí n lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ni olófòófó àgbà nínú igbó, bó bá gbé òórùn rẹ lọ ṣáájú rẹ, ibùsùn òfìfo ni wàá bá.

Ó kọ́ mi ní ojú ẹran lóru. Lẹ́yìn ẹyinjú àgbọ̀nrín, awọ kan wà níbẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí iná kábáàdì tí ọdẹ dè mọ́ iwájú orí bá bọ́ sí i, ojú méjèèjì yóò tàn yòò. Ṣùgbọ́n ojú ajá náà ń tàn, ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù náà ń tàn, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ náà sì de iná mọ́rí. Nítorí náà ni Bàbá mi àgbà fi mú mi lọ sí ojúbọ Ògún, tó ní kí n fi ẹnu kan irin, kí n búra. Mo búra pé n kò ní yìnbọn sí ojú tí n kò tíì rí ara rẹ̀. Mo búra pé n kò ní yìnbọn sí abo tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú. Mo búra pé ẹran tó bá fara gbọgbẹ́, n kò ní fi í sílẹ̀ sínú ìrora. Lẹ́yìn náà ni Bàbá mi àgbà sọ ọ̀rọ̀ kan tó rú mi lójú: "Ẹran tí o bá dá jẹ, ìwọ lo pa á. Èyí tí o bá pín, ìlú ló pa á."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Ó pẹ́ kí igbó tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Àsìkò ọyẹ́ ni. Koríko ti gbẹ, ètè ọmọ aráyé ti là, àwọn kan sì ti ń dáná sun ìgbẹ́. Bàbá mi àgbà ti dàgbà, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Èmi àti ọmọ àbúrò bàbá mi kan, tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ọdẹ, la jọ jáde. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé igbó kan tó wà lẹ́bàá odò. Kí ni ojú mi rí? Ẹ̀ka tútù tí ẹnìkan so tàkúté mọ́ ti fà ya. Ilẹ̀ ti hú. Ẹ̀jẹ̀ wà lára koríko. Ojú ẹsẹ̀ mẹ́ta tẹ ilẹ̀ dáadáa, ẹ̀kẹrin ń wọ́ nílẹ̀. Mo wo igi kékeré tó wà níwájú, mo rí ibi tí ìwo ti ha èèpo rẹ̀. Mo mọ̀ lójú kan náà pé akọ ńlá ni, pé tàkúté wáyà ló mú un lẹ́sẹ̀, pé ó fi agbára já a, ó sì ń gbé wáyà náà lọ nínú ẹran ara rẹ̀.

Àbúrò mi ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹni tó dẹ tàkúté máa wá ẹran rẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú, ibi tiwa ṣì jìnnà."

Mo dá a lóhùn pé: "Àbúrò mi, ẹran tí ìyà ń jẹ nínú igbó, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni Ògún ń wò. Bí a bá kọjá lára ẹ̀jẹ̀ yìí, irin tó wà lọ́wọ́ mi yóò bèèrè lọ́wọ́ mi."

A tọ ipasẹ̀ náà lọ. Háà, ẹ̀yin ará, ọ̀nà tí ẹran náà mú wa gbà kì í ṣe ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń fi inú dídùn rìn! Ó gba inú ẹ̀gún kọjá, a gba inú ẹ̀gún. Ẹ̀gún ya gbérí ọdẹ tó wà lọ́rùn mi, ó tún ya awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gba ibi tí wérepè so sí, ara wa sì di iná. Ó gun àpáta, a gun àpáta. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, a sọ̀ tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ṣú. A tan iná mọ́rí. A tẹ ọ̀wọ́ ìjàlọ mọ́lẹ̀, wọ́n gun wa lẹ́sẹ̀ dé itan, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ ké, nítorí ẹni tó bá ké ti lé ẹran lọ. Òfàfà bẹ̀rẹ̀ sí í han lórí igi, igbe rẹ̀ ń gòkè, ó ń gòkè, títí àbúrò mi fi di àpò ọdẹ mi mú. Òwìwí dá a lóhùn. Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn tí à ń wá: wáhù! Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: wáhù! Àgbọ̀nrín ni, ó wà níwájú, ó sì ti mọ̀ pé à ń bọ̀.

Ibi tí a gbé ń rọra lọ bẹ́ẹ̀ ni iná orí mi bá ojú méjì pàdé nínú òkùnkùn. Wọ́n tàn yòò, wọn kò mì. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi sókè. Ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀, ọta ti wà nínú rẹ̀, ìka mi ti wà níbi tó yẹ. Àbúrò mi sọ ọ́ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Ẹ yìnbọn, Ẹ̀gbọ́n! Ó ti dúró!" Òótọ́ ni, ó dúró. Ìdúró yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Kí ló dé tí àgbọ̀nrín tó ń sá fún ìró ewé yóò fi dúró níwájú iná ọdẹ? Mo rántí irin tí mo fi ẹnu kàn. Mo ní n ó kọ́kọ́ rí ara. Mo yí orí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kò ní ìwo, ọmú rẹ̀ wú. Ìyá ọmọ ni! Ọmọ wà nínú igbó dídí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ọta wọ òun ju kí ẹsẹ̀ wa tẹ ọmọ lọ.

Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Àbúrò mi mí kanlẹ̀, inú bí i, ó rò pé oúnjẹ ìlú kan ló kọjá lọ yẹn. Mo fà á lọ́wọ́, a yí gbogbo igbó náà po, a lọ jìnnà kí òórùn wa má baà lé ìyá náà kúrò nídìí ọmọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin èwe: gbogbo ọdẹ ló lè sọ iye ẹran tó pa. Ẹran tó láǹfààní láti pa, tó sì jẹ́ kó lọ, ibẹ̀ ni Ògún ti ń mọ ọdẹ.

Nígbà tí a tún ipasẹ̀ akọ náà rí, inú odò ló wọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi wẹ omi kọjá. A gbé ìbọn àti ẹ̀tù lé orí kó má baà tutù, a wọ odò inú ọyẹ́ lóru, eyín wa ń gbá ara wọn. Ní òdìkejì, ẹ̀jẹ̀ ti dín kù, àpáta sì ti gba ojú ilẹ̀, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fi tọ̀ ọ́ lọ ni ibi tí wáyà ti ha àpáta. Mo rí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ kan lára òkúta, mo tẹ̀ síwájú, mo rí òmíràn. Báyìí ni a ṣe rìn títí àkùkọ abúlé kan tó jìnnà fi kọ.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, ìkùukùu ọyẹ́ bo ẹsẹ̀ àpáta kan. Níbẹ̀ ló dúró sí. Àpáta wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tó rò pé àgbọ̀nrín kì í jà, ẹ kò tíì pàdé akọ tó gbọgbẹ́, tí ibi sísá sì ti tán fún. Ó yí ojú sí wa. Ó rẹ orí sílẹ̀, ó na ìwo méjèèjì síwájú, ó sì fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sáré bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù nínú ara rẹ̀. Ilẹ̀ ń dún kì! kì! kì! Mo dúró. Mo jẹ́ kó dé ibi tí ọta kan yóò ti parí ìrora náà, kí ó má tún sí ọgbẹ́ lórí ọgbẹ́. Mo yìnbọn! Àpáta gba ohùn náà, ó jù ú fún àpáta kejì, ìkejì jù ú fún ìkẹta, àwọn ẹyẹ inú àfonífojì sì tú jáde lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Nígbà tí èéfín ká kúrò, àgbọ̀nrín ti dùbúlẹ̀ sí ibi tí ìwo rẹ̀ fi ku díẹ̀ kó kan orúnkún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ tó ṣì gbóná, mo sì ki í bí àwọn baba mi ti máa ń ki í. Àbúrò mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé wáyà ti wọlé dé egungun. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tún bi mí mọ́ pé kí ló dé tí a fi tọ ẹ̀jẹ̀ ẹran tí a kò dẹ tàkúté fún.

A gbé e délé. Ẹni tó bá gbé àgbọ̀nrín ńlá gba òkè àti àfonífojì lórí ebi ló mọ bí èjìká ti rí lọ́jọ́ kejì. Bí a ti wọ abúlé ni àwọn ọmọdé ti ń sáré pàdé wa. A ti ojúbọ Ògún bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ Ògún ni irin ti wá. A bu itan kan fún Baálẹ̀. A bu ti Olúọ́dẹ. A bu ti àwọn ọdẹ tó jókòó nínú ẹgbẹ́. A bu ti opó ọdẹ kan tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, nítorí ikú ọdẹ kò gbọdọ̀ sọ ìkòkò aya rẹ̀ di òfìfo. A bu ti àwọn alájọgbé, a bu ti Bàbá mi àgbà.

Ibi tí a gbé ń pín in ni ọkùnrin kan dé, tó ní ẹran òun ni. Òun ló dẹ wáyà. Ariwo ta. Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ fẹ́ bínú. Olúọ́dẹ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ó bi ọkùnrin náà pé: "Ọjọ́ wo lo ti bẹ tàkúté rẹ wò gbẹ̀yìn?" Ọkùnrin náà kò lè dáhùn. Olúọ́dẹ ní: "Ẹni tó dẹ tàkúté tí kò padà bẹ̀ ẹ́ wò, igbó ló ń jà lólè. Ẹran a jẹrà síbẹ̀, ènìyàn kò jẹ ẹ́, Ògún kò jẹ ẹ́. Wáyà rẹ yóò wà níbí lójúbọ, o kò ní gbé e padà sínú igbó." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní: "Bu ẹran fún un. Aya àti ọmọ rẹ̀ kò bá a dẹ tàkúté." Mo bu ú fún un, mo sì bu èyí tó dára.

Nígbà tí a pín in tán, ohun tó kù níwájú wa kò tó nǹkan. Àbúrò mi wò ó, ó wo ẹ̀gún tó wà lára rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìyà tó jẹ wá láti àná, ohun tó kù fún wa rèé?" Bàbá mi àgbà ló dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí. Ó ní: "Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìdí rèé tí ọdẹ kì í fi í rò ó." Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé sínú láti ìgbà èwe mi yé mi. Ẹ̀gún, wérepè, ìjàlọ, omi tútù, ìwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí lórúnkún, gbogbo wọn jẹ́ owó tí mo san, ohun tí mo sì fi rà ni ipò mi nínú ìlú mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá lọ, opó ọdẹ yẹn á dìde, á kí mi, á ní kí Ògún má fi mí sílẹ̀. Kò sí iye ẹran lọ́jà tó lè ra àdúrà yẹn.

Ẹ má ṣe rò pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ pínpín yìí. Àwọn ọdẹ ló fi ohun tó ju ẹran lọ bọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ọ̀dá mú ìlú tí Ọba Lárọ́òyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé, Tìmẹ́hìn ọdẹ ló wọ igbó lọ, tó rí odò Ọ̀ṣun. Ìbá jókòó síbẹ̀ kó dá omi mu, ṣùgbọ́n ó padà lọ pe àwọn ènìyàn rẹ̀, ibẹ̀ ló sì di Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun rẹ̀ kún ogún àgbáyé ní 2005. Ògúnlọ́lá ọdẹ ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ọdẹ ló ṣáájú àwọn tó lọ tẹ Kétu dó, ìlú tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ní Abẹ́òkúta, kí àwọn Ẹ̀gbá tó dé ní 1830, àwọn ọdẹ ti mọ ihò abẹ́ àpáta Olúmọ.

Ọdẹ tún ré òkun kọjá. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Kétu lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, wọn kò lè gbé ìbọn, wọn kò lè gbé igbó, ṣùgbọ́n wọ́n gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì òrìṣà ọdẹ lọ pẹ̀lú ọrun àti ọfà rẹ̀. Ní Salvador, ní Bahia, láti 1976 títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2018, obìnrin kan tí ayé ń pè ní Mãe Stella de Oxóssi ni ìyálòrìṣà ilé Ilê Axé Opô Afonjá. Nọ́ọ̀sì ni, ó di òǹkọ̀wé, wọ́n sì gbà á wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ìwé kíkọ ní Bahia ní 2013. Orúkọ tí ilé òrìṣà fún un ni Ọdẹ Káyọ̀dé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọdẹ, òkun ńlá wà láàárín òun àti Kétu, síbẹ̀ orúkọ ọdẹ tó ń mú ayọ̀ bọ̀ wálé fún gbogbo ará ilé ló ń jẹ́!

Àwa nìkan kọ́ ni àgbọ̀nrín kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìlú Winneba létí òkun ilẹ̀ Gánà, àwọn Effutu a máa ṣe ọdún Aboakyer ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Ẹgbẹ́ méjì ló wà, Tuafo àti Dentsifo. Wọ́n á wọ igbó, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mú àgbọ̀nrín láàyè! Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbé e dé iwájú ọba ló borí. Àwọn àgbà wọn sọ pé ènìyàn ni òrìṣà wọn, Penkye Otu, kọ́kọ́ ń gbà, lẹ́yìn náà ó gba ẹkùn, níkẹyìn ó gba àgbọ̀nrín. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un kì í gbé e lọ sílé. Gbogbo Winneba ló ni ín.

Wàyí o, ẹ̀yin ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ti ẹnu mi jáde. Igbó ń tán. Ayùn ẹ̀rọ ń gé e, iná ń jó o, wáyà kún inú rẹ̀, ẹni tó sì ń ta ẹran lójú títì kì í bèèrè bóyá abo ni tàbí akọ. Kì í ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1900, àgbọ̀nrín onírù funfun wọn kò ju 500,000 lọ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà, nítorí àwọn tó ń pa á tà lọ́jà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán. Àwọn ọdẹ fúnra wọn wà lára àwọn tó ké sí ìjọba. Òfin Lacey jáde ní 1900, ó fòpin sí gbígbé ẹran tí a pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn fún títà. Ní 1937 òfin mìíràn darí owó-orí tó wà lórí ìbọn ọdẹ àti ọta sí ìtọ́jú ẹran igbó. Lónìí, àgbọ̀nrín náà tó nǹkan bí 30 mílíọ̀nù. Àwa tí a ní Ògún tí a fi ń búra, kí ló dé tí a kò fi ní lè ṣe é?

Nílé wa níbí, ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991 bo ilẹ̀ tó ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ibi tí Aláàfin ti jókòó rí ni àgbọ̀nrín ti ń jẹko lónìí. Òfin ní kí a má ṣọdẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún òfin náà bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ojúbọ, nítorí ibẹ̀ ni irúgbìn ẹran wa wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká wáyà kúrò nínú igbó. Ẹ dẹ́kun iná tí ń jó ọmọ ẹran mọ́ ibùba. Bí ìmọ́lẹ̀ yín bá bá ìyá ọmọ pàdé, ẹ sọ ìbọn kalẹ̀, kí àwọn ọmọ wa má baà di ẹni tí ń jẹ àgbọ̀nrín èṣí lọ́bẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì pa lọ́nà tó tọ́, ẹ pín in: ẹ bu ti opó, ẹ bu ti arúgbó, ẹ bu ti ẹni tó bá yín jà. Igbó tí a bá pa tán kò ní ohun tí a óò pín, ọdẹ tí kò bá sì ní ohun tí yóò pín kì í ṣe ọdẹ mọ́.